Nọ́ńbà Pupa ní Ilé Ìwòsàn Ojú

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Iṣẹ́ gidi dé! Ilé ìwòsàn ojú kan fẹ́ ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa pe aláìsàn wọlé sọ́dọ̀ dókítà. Èmi tí mò ń kọ́ṣẹ́ níbí ni n ó kọ ìwé tí yóò ṣàlàyé rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni nọ́ọ̀sì àgbà wọn ń bọ̀. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, mo di òṣìṣẹ́ níbí. Bí wọn ò bá fọwọ́ sí i – n ò fẹ́ rò ó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Ọ̀gá mi – Màmá Nítorí-Kí-Ni ni mò ń pè wọ́n níbí – ka ojú ìwé kìíní, "Ohun Tí Wọ́n Nílò". Mo kọ ọ́ pé nọ́ńbà pupa yóò hàn gàdàgbà lára ògiri. (Gàdàgbà! Ọ̀rọ̀ tuntun mi.)
"Nítorí kí ni?"
Kó lè hàn dáadáa ni, mà.
"Ṣé nọ́ńbà pupa ni wọ́n wá bá wa fún?"
Wọ́n ní bí a ó ṣe ṣe é ni mo kọ yẹn, ojú ìwé kejì ló wà fún. Mo ní ó ti yé mi. Irọ́.

Ọjọ́rú, 5
Ọ̀gá mi ò bá mi wí. "Gbé báàgì ẹ, ó yá." A lọ jókòó láàárín àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn náà. Nọ́ọ̀sì ń kán oògùn sí wọn lójú, kálukú ń dijú, ó ń fẹ̀yìn ti ògiri. Baba kan fọwọ́ kàn mí: "Ọmọ mi, ṣé èmi ló kàn? N ò rí nǹkan kan."
Nọ́ńbà pupa! Bíi kí ilẹ̀ lanu. Ọ̀gá mi ò tiẹ̀ wò mí, baba ni wọ́n ń dá lóhùn. Èèyàn mà ni obìnrin yìí o!

Ọjọ́bọ̀, 6
Ojú ìwé kìíní, gbólóhùn kan péré: Kí aláìsàn mọ̀ pé òun ló kàn, bí kò tilẹ̀ ríran.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Kí àlejò tó dé, ọ̀gá mi mú bírò, wọ́n fi kún un nísàlẹ̀ ojú ìwé kìíní: "Ohùn yóò máa pe orúkọ aláìsàn." Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà... nítorí kí ni?"
Wọ́n wo ìwé, wọ́n wò mí, ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. "O ti kó àrùn mi!" Wọ́n fagi lé e, wọ́n gbé e lọ sí ojú ìwé kejì.
Nọ́ọ̀sì àgbà dé, wọ́n ka ojú ìwé kìíní: "Wàhálà wa gan-an nìyí." Wọ́n ṣí ti kejì. "Orúkọ kẹ̀? Kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́ ẹni tó ń ṣàìsàn? Ẹ wá nǹkan mìíràn ṣe sí i."
Ṣùgbọ́n wọ́n fọwọ́ sí ti kìíní. Bó ṣe wà. Lẹ́tà kan ò yí padà.
Ọ̀gá mi ti bírò sí mi. "Òṣìṣẹ́, ojú ìwé kejì ń dúró dè ẹ́."