Ìlà Tí Bàbá Fà

Àbúrò mi,

Ṣé àlàáfíà ni ìyàwó wa àtàwọn ọmọ wà? Orúnkún Màmá ti ń fúyẹ́. Ní tèmi, ó ti rẹ̀ mí.

Ayùn oníkọ̀ǹpútà tí mo fi àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ tó o fi ránṣẹ́ tò ti ń gégi ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà wa. Bàbá fa ìlà ẹsẹ̀ àga sórí bébà, mo ya fọ́tò rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ayùn sì gé e bó ṣe rí, gbágungbàgun.

Ọwọ́ Bàbá ti ń gbọ̀n. Ó pẹ́ tí mo ti ń fi ayùn ọwọ́ tún ìlà wọn ṣe láìsọ fún ẹnì kankan. Ẹ̀rọ kò mọ bí wọ́n ṣe ń bo àṣírí àgbà.

Bàbá wo igi náà títí, wọ́n ní ayùn wa kò dáa.

Ọlọ́run á jẹ́ ká fojú rinjú láyọ̀. Tó o bá pe Bàbá, jọ̀ọ́, bá mi sọ pé ayùn ni kò dáa.

Ẹ̀gbọ́n rẹ