Bí A Ṣe Yí Ìrìn Òkè Hester Padà

                                                            Beck Cottage,
                                                            Sedbergh,
                                                            Cumbria.
                                                            Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Karùn-ún, 2019.

Thelma, àbúrò mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Norman ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ikọ́ rẹ̀ ti ń rọlẹ̀, nígbà tí òtútù ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ yìí? Ṣé afẹ́fẹ́ òkun Whitby kò tíì gbé ọ lọ? Ara èmi náà le, mo dúpẹ́. Àmọ́ wá ibi jókòó sí kí o tó kà á síwájú: Hester ọmọ mi ti padà sórí òkè!

Ìwọ náà mọ̀ pé láti ọdún méjì sẹ́yìn tó ti ṣubú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, kò gun ohun tó ga ju àtẹ̀gùn ilé lọ. Dókítà ní ẹsẹ̀ ti jinná. Ọkàn rẹ̀ ni kò jinná, tèmi náà kò sì sàn ju tirẹ̀ lọ. Àfi bí òun àti Giles ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe wọlé lóṣù tó kọjá, tí wọ́n tẹ́ máàpù sórí tábìlì ìdáná mi, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ọjọ́ bíi mélòó kan rìn yípo: láti ibí lọ sí Dent, sí Garsdale, sí Kirkby Stephen, sí Ravenstonedale, kí wọ́n wá gba orí òkè Howgill padà sílé. Ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó rí alángbá, á sá.

Ìparí ìrìn náà ló ń dẹ́rù bà mí. Bí wọ́n ṣe tò ó, ẹ̀gbẹ́ omi tó ń já láti orí àpáta ní Cautley ni wọ́n máa gbà sọ̀ kalẹ̀, lórí òkúta tútù, lẹ́yìn tó bá ti rẹ̀ wọ́n tán. Ibẹ̀ gan-an ni Hester ti ṣubú. Mo ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà, kí wọ́n yí i padà: kí wọ́n fi Cautley gòkè lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n gba orí òkè oníkoríko gígùn nì sọ̀ sí Ravenstonedale, kí Garsdale àti Dent wá gbẹ̀yìn. Òkúta tútù ṣeé gùn. Ẹsẹ̀ ẹni tó ń sọ̀ ló máa ń yọ̀.

Giles bú sẹ́rìn-ín. "Ha, Mọ́mì! Ẹ fẹ́ kí atẹ́gùn ìwọ̀-oòrùn máa gbá wa lójú láti Garsdale títí délé? Ta ló ń rìn ín báyẹn? Cautley ni gbogbo èèyàn fi ń parí ẹ̀, kí wọ́n tó lọ mu tíì!"

"Gbogbo èèyàn kọ́ ni mo bí."

Hester wá gbórí sókè kúrò lórí máàpù. "Atẹ́gùn ò ṣẹ́ ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni rí, Giles. Ọ̀nà Mọ́mì là ń gbà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dán Cautley yẹn wò. Tí mi ò bá lè gùn ún, ẹ ká máàpù yín, mi ò tún ní dárúkọ òkè mọ́ láyé mi."

Lọ́jọ́ Àìkú, mo fi mọ́tò gbé àwọn méjèèjì dé Cautley. Mo dúró nísàlẹ̀, mo ń wo jákẹ́ẹ̀tì pupa rẹ̀ bó ṣe ń gòkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi. Nígbà tó dé ibi tó ti ṣubú, ó dúró. Thelma, ó dúró pẹ́. Mo di ògiri òkúta mú bí ẹni pé èmi ni mo wà lókè. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì, kùrukùru sì gbé e mì.

Mo wa mọ́tò yípo lọ dúró dè wọ́n ní Ravenstonedale. Fóònù kò wọlé. Tíì inú kọ́ọ̀bù tutù mọ́ mi lọ́wọ́. Àgùntàn ni mo ń rí lókè, àgùntàn ṣáá. Nígbà tó yá, mo rí pupa kan, òun nìkan! Àfi ìgbà tó sún mọ́ mi ni mo tó rí i pé àpò méjì ló gbé, tirẹ̀ lẹ́yìn, ti Giles láyà. Ọ̀gbẹ́ni ń tiro bọ̀ lókèèrè, bàtà tuntun ti jẹ́ kí gìgísẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lé ròrò.

"Mọ́mì, ẹ má sọ nǹkan kan o," ni Giles wí nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa.

"Kí ni mo sọ?"

"Ẹ bá bàbá arúgbó wá àga," ni Hester wí. A rẹ́rìn-ín títí àwọn àgùntàn fi sá fún wa.

Bí gìgísẹ̀ Giles bá ti gbẹ, wọ́n á gbéra. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, ìyá sáà ni mí. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, mo wọ ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ oyè, mo sì ròyìn rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó tò sórí ìlà, títí kan àwọn tí n kò mọ̀ rí.

Bá mi kí Norman dáadáa, kí o sì bá mi gbá àwọn ọmọ mọ́ra. Hester ní kí n kí àǹtí òun, ó ní òun á ránṣẹ́ sí ọ fúnra òun láti orí òkè.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí orí rẹ̀ ń wú,
Winifred.