Ìró Ṣàkírátù Nínú Ọgbà Màlúù

                                        Ilé Babalọlá,
                                        Ìlódè,
                                        Ilé-Ifẹ̀.
                                        Ọjọ́ Kẹwàá, Oṣù Kẹfà, 2025.

Aminullah, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣàkírátù ìyàwó mi kú. Ọjọ́ Àlàmísì, ọjọ́ kẹjọ oṣù karùn-ún, ló kú, a sì sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Àwọn ọmọ rẹ ní Ẹdẹ ló ní kí a má tíì sọ fún ọ nítorí iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún ọ, ṣùgbọ́n ó ti sú mi láti máa purọ́ fún ọ lórí fóònù pé ó wà lóko. Mo ní kí Fákúnlé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní àdúgbò wa, bá mi kọ èyí. Ojú iṣẹ́ abẹ náà ńkọ́, ṣé ó ti jiná? Ṣé o ti ń rìn? Ìyàwó rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ọmọ ńkọ́? Ẹ kú Iléyá o. Èmi kò mọ bí ẹran Iléyá tèmi ṣe rí lẹ́nu.

Ara mi le. Ìríra ló ń ṣe mí.

O mọ ọgbà màlúù wa. Bàbá mi ló fi abo méjì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, Hakeem ọmọ mi ló sì ń bójú tó o báyìí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Ṣàkírátù ló ń fún wàrà, fún ọdún méjìdínlógójì. Ìró àdìrẹ kan ṣoṣo ló máa ń ró wọ inú ọgbà, kí ìgbẹ́ màlúù má baà ba aṣọ mìíràn jẹ́. Nígbà tó kú, mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ lórí ìṣó tó máa ń fi í kọ́ nínú ọgbà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọ̀ ọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, títí di àdúrà ogójì ọjọ́ tí a ó pín àwọn aṣọ rẹ̀.

Àwọn màlúù kò gbà kí ẹlòmíràn fún wọn. Dúdúyẹmí, tó jẹ́ ìyá àgbà wọn, ta Hakeem nípàá, korobá sì fò lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, mo gbọ́ pé wàrà ti ń wá. Mo rò pé wọ́n ti gbàgbé rẹ̀ ni. Hàjàrá, ìyàwó Hakeem, ń gbé ife kan wá fún mi láràárọ̀, èmi àgbàyà sì ń mu ún.

Lọ́jọ́ kejì Iléyá, mo gun ọ̀kadà lọ sí ọgbà lẹ́yìn àsùbáà. N kò débẹ̀ láti ìgbà tó kú. Mo gbọ́ ohùn: “Olóríkunkun, gbé ẹsẹ̀ yẹn síbẹ̀! Ṣé ìránṣẹ́ bàbá ẹ ni mí?” Bí Ṣàkírátù ṣe ń bú Dúdúyẹmí nìyẹn. Mo rí ẹ̀yìn obìnrin lórí àpótí, mo rí àdìrẹ náà. Aminullah, mo pè é lórúkọ. Hàjàrá ló yíjú padà.

Ìró náà ti gan. Wàrà àti ìgbẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló wà lára rẹ̀, eṣinṣin bò ó, ó ń rùn bí òkú ẹran. Itan tó ró ìyẹn ni wọ́n ń gbé korobá lé, tí wọ́n ń se wàràkàṣì tí wọ́n ń tà ní Ẹnuwà! Ibẹ̀ náà ni ife tèmi ti ń wá. Mo bì sílẹ̀.

Hàjàrá kúnlẹ̀ sínú ìgbẹ́: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ó ń rí èmi náà lára. Àwọn màlúù ni wọn ò gbà kí n fún wọn láìró o.”

Hakeem ní, “Bàbá, òórùn Màámi ni wọ́n ń fẹ́. Tí a bá fọ̀ ọ́ pẹ́nrẹ́n, ó tán nìyẹn.”

Mo ní, “Kí ló dé tí ìwọ ò ró o, ọ̀dájú? Ṣé ìyá ìyàwó ẹ ló kú ni?” Mo gba ìró náà, mo gbé e lọ sílé.

Ní àná, Hakeem wá gbé èmi àti ìró náà lọ sí ọgbà. Ọmú Dúdúyẹmí ti wú, ó gbóná, ẹ̀jẹ̀ ń bá wàrà jáde, ó ń ké. Ọmọ rẹ̀ pàápàá, ó ń ta á nípàá. Bí a kò bá fún un, ọmú yóò jẹrà. Mo bá ró ìró ìyàwó mi lé ṣòkòtò mi lórí, èmi Babalọlá, lójú ọmọ mi. Màlúù náà gbóòórùn mi, ó dúró jẹ́ẹ́. Ìyẹn ló rí mi lára jù. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ló ti wà lọ́wọ́ obìnrin yẹn, aṣọ ló mọ̀! Mo bú u, mo bú ara mi, mo sì fún un tán.

Fákúnlé ń sọ fún mi níbí pé àgbà tí kò bínú ni ọmọ rẹ̀ ń pọ̀. Mo ní tèmi ti pọ̀ tó, kó máa kọ ọ́ lọ.

Bá mi kí ìyàwó rẹ. Má ṣe tíì wá, jẹ́ kí ara rẹ yá.

Fúnlọ́lá, àkọ́bí wa, ń bọ̀ lọ́la láti Òṣogbo. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ìró náà, ó bi mí lórí fóònù pé, “Kí lẹ̀yin fẹ́, Bàbá?” Mo ní n kò fẹ́ nǹkan kan. Bó bá ní kí a fọ ìró náà, kí a fi ṣe sàárà, kí wàrà gbẹ, kí a ta àwọn màlúù bàbá mi, bẹ́ẹ̀ ni. Bó bá ní kí wọ́n máa ró o lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni, ṣùgbọ́n kí wọ́n má gbé ife wá fún mi mọ́. Òun ni ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ bí. Mo ti di ìró náà sínú ọ̀rá dè é, ọwọ́ rẹ̀ ni ó kù sí.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Babalọlá.
(Ìka mi ni mo tẹ̀ yìí.)