Òwú Tí Mo Wé Mọ́ Bóòtù Kẹ̀kẹ́ Elisha

Ọjọ́ Ajé, 18 July 1994
Ìyanṣẹ́lódì àwọn òṣìṣẹ́ epo ti wọ ọ̀sẹ̀ kẹta. Gbogbo Iléṣà ń fẹsẹ̀ rìn, àwa tí à ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe nìkan là ń rẹ́rìn-ín. Kẹ̀kẹ́ tí adìyẹ ti ń sùn lé lórí lẹ́yìnkùlé ni wọ́n ń gbé wá bá mi báyìí, wọ́n á tún ní kí n ṣe kíá.

Elisha tó ń gbé búrẹ́dì lọ Ẹ̀sà-Òkè gbé tòkunbọ̀ ẹ̀ wá, kẹ̀kẹ́ gíà. Abuké ni mo sọ ọ́, nítorí bí gíà ẹ̀yìn ẹ̀ ṣe yọ gọngọ. Ó ní ṣéènì ń fò. Mo yí i wò. Àwọn wíìlì kéékèèké méjì tí ṣéènì ń gbà kọjá nínú gíà ẹ̀yìn, eyín wọn ti jẹ tán, ó ṣẹ́ kù ṣóńṣó-ṣóńṣó bí eyín ológbò. Mo ní, ṣé yanrìn lo fi ń fọ̀ ọ́ ni? Ó rẹ́rìn-ín. Ọmọ yìí àti ẹ̀rín! Irú wíìlì bẹ́ẹ̀ ò sí ní gbogbo Iléṣà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19 July
Mo gun kẹ̀kẹ́ dé Òṣogbo. Itan mi o!

Ní Old Garage, ẹnì kan ní odidi gíà ẹ̀yìn tòkunbọ̀ — wíìlì méjèèjì wà nínú ẹ̀, bóòtù tó dè wọ́n mọ́ gíà pé. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo fi sílẹ̀. Ohun tí ẹlòmíì ti lò gbó, kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Ọ̀dọ̀ Zulkifli ni mo lọ, ọmọ Òṣogbo tó ń fi ẹ̀rọ gé igi àti ike líle. Ó ka eyín wíìlì àtijọ́: mẹ́wàá. Ó gé tuntun méjì, eyín mẹ́wàá-mẹ́wàá, ó dán, ó yí geere. Iṣẹ́ ọwọ́ nìyẹn.

Ó mú bóòtù tí mo kó wá, ó fi ìka pa á. Ó ní, "Wíìlì ti jáde, alhamdulillahi. Ṣùgbọ́n bóòtù yìí, ojú ẹ̀ ti jẹ, ẹ̀gbọ́n, kò lè di nǹkan mú mọ́. Ẹ wá òmíì." Mo ní wíìlì ni mo wá gé, n ò wá gba ìmọ̀ràn. Ó kó o lé mi lọ́wọ́.

Ọjọ́bọ̀, 21 July
Mo ti de Abuké. Wíìlì òkè gbọ́dọ̀ máa mì díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, kí ṣéènì lè rọ́nà bọ́ sórí eyín. Ti ìsàlẹ̀ ò gbọ́dọ̀ mì rárá. Mélòó nínú àwọn tó ń pe ara wọn ní ọ̀gá nílùú yìí ló mọ̀ ọ́n?

Bóòtù ìsàlẹ̀ ń yí lófo. Mo já òwú ìránṣọ Fúnkẹ́ ìyàwó mi, mo wé e mọ́ ọn lára bí àwọn tó ń ṣe páìpù omi ṣe máa ń ṣe, mo dè é mọ́lẹ̀. Ó dì. Ó dì dáadáa.

Mo kọ́ Elisha bó ṣe máa tọ́jú ẹ̀: kẹ́rósìn ní gbogbo Sátidé, kó nù ún gbẹ, kó kán òróró sí i lẹ́ẹ̀mejì péré. Má fi gírísì sí i láéláé. Eruku ló máa ń kó mọ́ra, kì í sì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohun tó ń ṣe é.

Ọjọ́ Ẹtì, 29 July
Òjò. Kẹ̀kẹ́ mẹ́sàn-án. Ẹ̀yìn ń dùn mí.

Ọjọ́ Ajé, 1 August
Elisha tún dé. Ó ní, "Ọ̀gá Ọdúntán, Mọ́mì ní kí n gbé e padà wá. Wọ́n ní ohùn ẹ̀ ti yí padà, pé nǹkan kan ń tú níbẹ̀."

Mọ́mì yẹn ni Julianah, Ìyá Ìwàlẹwà, ìyàwó kékeré bàbá ẹ̀ tó ti dolóògbé. Òun ló tọ́ ọmọ náà látìgbà tí ìyá tó bí i ti kú. Télọ̀ ni, etí ẹ̀ mọ ìró ẹ̀rọ. Mo ní, "Mọ́mì ẹ náà ti di ẹlẹ́kẹ̀kẹ́?" Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín, Elisha náà rẹ́rìn-ín.

Mo yí pẹ́dà. Kíún-kíún-kíún. Mo gbọ́ ọ. Ìsàlẹ̀ ló ti ń wá. Èrò pọ̀, ebi ń pa mí, n ò sì fẹ́ tú u palẹ̀ lójú gbogbo wọn. Mo kó gírísì, mo fi bò ó. Ariwo náà dákẹ́. Mo ní máa lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 August
Wọ́n ní Elisha ṣubú ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀yìn Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Kò sí ọkọ̀. Ọmọlanke ni wọ́n fi gbé e padà wá sílé.

Ọjọ́rú, 3 August
Ó kú kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 4 August
Mo lọ kí wọn. Wọ́n fi Abuké ti ògiri lẹ́yìn ilé. Mo yà síbẹ̀ bí ẹni fẹ́ tọ̀. Wíìlì ìsàlẹ̀ ti bọ́ lọ, irin gíà ti wọnú sípókù, ó há táyà ẹ̀yìn pa. Nínú ihò bóòtù, òwú funfun ṣì wà níbẹ̀. Òwú mi. Mo fà á yọ, mo kì í bọ àpò. Nígbà tí mo délé, mo jù ú sábẹ́ ìkòkò Fúnkẹ́, ó jóná. Ọlọ́run rí mi.

Ohun tó burú jùyẹn lọ rèé. Nehemiah, àbúrò bàbá Elisha, ń bi gbogbo ilé ní ìbéèrè. Bàbá Atọ́ka ni mo ń pè é nínú ọkàn mi, ìka ẹ̀ kì í sinmi. Aládùúgbò kan ní òun rí Ìyá Ìwàlẹwà láàárọ̀ ọjọ́ tí ọmọ ṣubú, tó di kẹ̀kẹ́ mú: "Má gun nǹkan yìí lọ lónìí, ọkàn mi ò balẹ̀." Bàbá Atọ́ka dìde. "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

Ìyá Ìwàlẹwà kàn ń wí pé, "Ohùn ẹ̀ ni mo gbọ́. Ohùn ẹ̀ ni mo gbọ́." Wọ́n túbọ̀ pariwo: ohùn ta ló gbọ́? Ohùn kẹ̀kẹ́ ló ń sọ. Èmi nìkan ló yé nínú yàrá yẹn. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń mu omi tí wọ́n fún mi.

Ọjọ́ Àìkú, 7 August
Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn obìnrin dìde kúrò lórí bẹ́ǹṣì tí Ìyá Ìwàlẹwà jókòó sí. Òun àti Ìwàlẹwà ọmọ ẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù síbẹ̀. Fúnkẹ́ sọ fún mi pé ojú àjẹ́ ló wà lójú ẹ̀. Mo jágbe mọ́ ọn. Ó ní, "Kí ló kàn yín níbẹ̀?"

Ọjọ́rú, 10 August
Mọ̀lẹ́bí fún un di Sátidé kó fi ilé náà sílẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pe Ìwàlẹwà lọ́mọ àjẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Ọjọ́bọ̀, 11 August
Màá lọ sọ ọ́ lọ́la.

Ọjọ́ Ẹtì, 12 August
N ò lọ. Ẹ̀rù bà mí. Bí mo bá sọ ọ́, ta ló tún máa gbé kẹ̀kẹ́ wá bá mi? Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tí mo rò nìyẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 August
Mo lọ. Gbogbo wọn wà níta, ẹrù ẹ̀ wà nílẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo sọ gbogbo ẹ̀: bóòtù tó ti jẹ, òwú, ariwo tí mo gbọ́, gírísì. Mo ní, "Èmi ni mo pa ọmọ yín. Ẹ fi ìyá yìí sílẹ̀."

Bàbá Atọ́ka ní òwú dà? Mo ní mo ti sun ún. Ó wo àwọn yòókù, ó mi orí. "Ẹ ò rí nǹkan? Ta ló máa dìde nílé ara ẹ̀ kó wá di ẹ̀bi ikú ru ara ẹ̀ lọ́jọ́ tí obìnrin yìí ń lọ? Ó ti mú ọ̀gá náà! Ó ti fi nǹkan fún un jẹ!" Àwọn obìnrin pariwo Jésù. Mo ń búra, bí mo ṣe ń búra ni wọ́n ń káàánú mi. Bàbá Atọ́ka fọwọ́ ara ẹ̀ gbé mi dìde. Ó ní, "Ọmọlúwàbí ni yín, Ọ̀gá Ọdúntán. Ẹ lọ gba àdúrà."

Ẹnì kan ti ju òkúta. Ó ba Ìyá Ìwàlẹwà léjìká. Òkúta yẹn, ọ̀rọ̀ mi ló mú un wá.

Mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀ rù, mo tẹ̀ lé e. Àbúrò ẹ̀ kan ń gbé ní Ọ̀fàtẹ̀dó, ibẹ̀ ló ń lọ, ẹsẹ̀ ni òun àti Ìwàlẹwà sì máa fi rìn ín. A rìn títí ilé fi tán. Kò wẹ̀yìn. Nígbà tó yá ló wá bi mí, jẹ́jẹ́, "Ṣé Elisha jíṣẹ́ mi fún yín?"

Mo ní, "Ó jíṣẹ́, mà."

"Mo rò pé kò jẹ́ ẹ ni. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bínú sí òkú ọmọ mi."

Ó dúró. Ó ní kí n sọ ẹ̀rọ náà kalẹ̀. Mo sọ ọ́ kalẹ̀. Ó ká òṣùká lé orí, ó ní kí Ìwàlẹwà wá sọ ọ́ ru òun. Mo na ọwọ́ láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Ọmọ náà ní, "Ẹ má fọwọ́ kàn án."