Èmi, Adájọ́ àti Àwo Súìtì

Ọjọ́ Ajé, 3 Òkúdù
Ọkọ mi ti lọ síbi iṣẹ́ lókè òkun. Ó ku èmi àti ọmọ ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà, ojú koko bíi ti adájọ́ tó ti dájọ́ kí ẹlẹ́jọ́ tó rojọ́. Adájọ́ ni mo ń pè é — níbí o, kì í ṣe létí ẹ̀. Ìyá ẹ̀ ti ṣaláìsí tipẹ́. Látìgbà tí bàbá ẹ̀ ti gbé mi wọlé, kò pè mí ní nǹkan kan. Tó bá fẹ́ omi, á dúró níwájú mi, á máa wo ife.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Òjò. Tẹlifíṣọ̀n bàjẹ́. Ọgbọ́n tán. Mo to súìtì aláwọ̀ oríṣiríṣi yí etí àwo ká, mo da omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sáàárín. Ni àwọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn — pupa, ewé, òféefèé — kálukú ní ojú ọ̀nà tiẹ̀. Mo ṣe bí ẹni tí ò rí i pé Adájọ́ ti sún mọ́ tábìlì.

Ó ní kí ló dé tí wọn ò pò mọ́ra. Ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu ẹ̀! Mo ní ṣúgà tó ń yọ́ ló ń gbé àwọ̀ lọ, wọ́n á pò tó bá yá. Ó ní rárá, wọn ò fẹ́ràn ara wọn ni.

Ẹjọ́ parí.

Ọjọ́bọ̀, 6
Súìtì rírọ̀ bíi rọ́bà tá a rẹ sómi lánàá ti wú. Mo ní ó ti sanra bí ọ̀gá mi ní báǹkì. Adájọ́ rẹ́rìn-ín. Ó yára tún mójú le.

Àìkú, 9
Adájọ́ ti jẹ gbogbo ẹ̀rí tó wà níwájú kóòtù.

Ọjọ́rú, 12
Mo gbé. Tíṣà ẹ̀ dá mi dúró lẹ́nu géètì. Wọ́n ní ó sọ fún kíláàsì pé obìnrin kan wà nílé àwọn tó ń fi súìtì ṣe àrà. "Obìnrin kan." Wọ́n ní kí n wá ṣe é lọ́jọ́ Ẹtì, ẹnu mi sì gbà kí ọpọlọ tó gbọ́. Akọ̀wé báǹkì! Kí ló kàn mí kan sáyẹ́ǹsì?

Lójú ọ̀nà, Adájọ́ ní, "Ẹ má dójú tì mí o."

Ẹtì, 14
Mo dójú tì í.

Ìgò mínírà ńlá, súìtì funfun tó máa ń tutù lẹ́nu. Ìta ló yẹ ká ti ṣe é, ṣùgbọ́n ta ló bi mí? Mo ju súìtì sínú ìgò — gbùà! Mínírà ta lu àjà, ó sì rọ̀ sórí wíìgì tíṣà. Àwọn ọmọ hó yèè. Mínírà ń kán ní imú mi, mo ń bẹ ilẹ̀ kó lanu.

Ọ̀gá iléèwé já wọlé. "Ta ló ni obìnrin yìí?"

Adájọ́ gun orí àga.

"Èmi ni mo ni wọ́n, mà. Wọn ò tíì parí."