Ilé Tó Yí Kọjá Ààlà

Vikavegen 14,
Nordfjordeid,
Norway.
Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹwàá, ọdún 2019.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Solbjørg,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé orúnkún yín ti ń gbọ́ oògùn? Ọkọ yín ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹun dáadáa? Ara tèmi le, ọkàn ni kò balẹ̀. Ìwé ni mo kọ torí pé Ragnhild ọmọ mi ṣì ń gbé ọ̀dọ̀ mi, kò sì sóhun téèyàn lè sọ lórí fóònù nínú ilé yìí tí kò ní gbọ́.

Ẹ mọ̀ pé ilé iṣẹ́ kan náà lòun àti Eirik ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà. Òun ń fi kọ̀ǹpútà ya ilé, Eirik ń wọn ilẹ̀, ó sì ń da kọnkéré. Ilé kan wà tí wọ́n fẹ́ kọ́ sétí omi, ó dagun díẹ̀ lórí ilẹ̀ rẹ̀. Ragnhild yí àwòrán rẹ̀ sápá òsì ní dígírì méjìlá kó lè tọ́ lójú kọ̀ǹpútà, kí ọwọ́ rẹ̀ lè yá. Nígbà tó parí, ó yẹ kó dá a pa dà sí bó ṣe wà. Ẹ̀rọ yẹn, tẹ́ ẹ bá tẹ méjìlá lásán, apá òsì ló ń yí sí. Àfi kẹ́ ẹ fi àmì ìyọkúrò síwájú rẹ̀ kó tó yí sápá ọ̀tún. Ọmọ mi gbàgbé àmì náà. Kàkà kí ilé pa dà, ńṣe ló tún yí sí i. Àwòrán yẹn ni Eirik tẹ̀ lé tó fi da ìpìlẹ̀, igun ilé sì wọ ilẹ̀ aládùúgbò.

Eirik ni gbogbo wọn dájú sọ. Ọ̀gá bi í níwájú àwọn òṣìṣẹ́ pé ṣé ojú kan ló fi wọn ilẹ̀ ni, àbí ńṣe ló di ojú méjèèjì. Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa sọ bóyá ó ṣì níṣẹ́. Oyún oṣù méje sì wà nínú Marit ìyàwó rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, níbi tá a ti ń fọ abọ́, ni Ragnhild jẹ́wọ́ fún mi. Oṣù mẹ́rin péré ló tíì lò níbẹ̀, wọ́n ṣì ń dán an wò. Ó ní kí n búra pé mi ò ní sọ fẹ́nì kankan. Mo búra.

Ohun tó bá ojú ló bá imú. Lánàá, mo wakọ̀ lọ bá Eirik láti da ìbúra náà. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ dé ìdajì tó fi já lu ọ̀rọ̀ mi.

"Màmá, mo ti mọ̀. Mo rí i nínú àwòrán lọ́jọ́ tọ́rọ̀ bẹ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Ragnhild rí nìyẹn, ẹ jẹ́ kó dúró níbẹ̀. Ẹ ò sì gbọdọ̀ jẹ́ kó mọ̀ pé mo mọ̀."

Ó wá bu kọfí fún mi bí ẹni pé ọ̀rọ̀ tán.

Nígbà tí mo délé, Ragnhild ti se ẹja dè mí. Ó bi mí bóyá Eirik ń bínú. Mo ní rárá.

Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé pa dà sí. Ẹ̀gbọ́n mi, nínú àwọn méjèèjì, ta ni kí n dà?

Ẹ bá mi kí ọkọ yín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fèsì, ibi iṣẹ́ mi ni kẹ́ ẹ fi í ránṣẹ́ sí. Ragnhild ló ń kó lẹ́tà wọlé.

Èmi àbúrò yín,
Torunn.