Ọ̀dà Tíráàmù Lára Irin Yàrá Łucja

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Sẹ̀tẹ́ńbà 1984

Kalina fóònù láàárọ̀ sí ọgbà tíráàmù, ọkọ̀ ojú irin ìgboro tí mò ń wà, wọ́n sáré wá pè mí sọ̀kalẹ̀ nínú tèmi. Ọmọ mi gan-an! Ohùn ẹ̀ ti yàtọ̀ látìgbà tó ti bímọ. Wúyẹ́wúyẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, kí Łucja má bàa jí. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mi ò tíì fojú kàn án.

Ọ̀rọ̀ náà rèé. Ọkọ ẹ̀ wà lórí òkun títí òtútù á fi lọ. Yàrá tí wọ́n háyà ní Kraków kò ṣeé tọ́ ìkókó nígbà òtútù. Yálà kó wá sọ́dọ̀ mi ní Łódź níbí, tàbí kó kó lọ sílé ìyá ọkọ ẹ̀ ní Kraków níbẹ̀ náà — Ìyáàfin Klementyna, tí mo ń pè ní Ayaba nínú ìwé yìí nítorí bó ṣe máa ń gbé imú sókè. Ayaba ti sọ fún un pé ilé mi tutù, pé ọ̀dà ara irin amúlé-gbóná mi ń ṣí bọ́ sílẹ̀, pé ọmọ á ṣà á jẹ. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Ṣé á dìde rìn lọ ṣà á ni?

Àmọ́ ó ń ṣí lóòótọ́. Mo wò ó nígbà tí mo délé, ojú tì mí. Kalina ń bọ̀ wá wo ilé ní Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà oṣù tó ń bọ̀. Tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á dúró. Tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ọ̀dọ̀ Ayaba nìyẹn.

Mo fẹ́ ọmọ yẹn nínú ilé mi. Lọ́la ni mo máa bẹ̀rẹ̀ sí í họ ọ̀dà yẹn kúrò.

Ọjọ́ Àìkú, 23 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo ń họ, mo ń họ. Irin mẹ́ta ni — Ọ̀gá ní pálọ̀, Alásè ní ilé ìdáná, Kékeré ní yàrá tí Łucja máa sùn (tí Ọlọ́run bá gbà). Ọ̀dà fàdákà lórí funfun, funfun lórí àwọ̀ kan tí mi ò mọ orúkọ ẹ̀. Àárín irin wọn tó tò bí egungun ìhà ló le jù. Ọwọ́ ò wọbẹ̀. Mo fi aṣọ wé ọ̀bẹ, mo ki í bọ ibẹ̀, ìpẹtà ń dà lé mi lẹ́sẹ̀.

Páìpù omi gbígbóná kan náà ló gba gbogbo ilé alájà wa kọjá, láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Tí mo bá họ tèmi, gbogbo wọn ló ń gbọ́. Kò pẹ́ tí èsì fi dé: kó-kó-kó! Ṣíbí lára páìpù. Ọ̀gbẹ́ni Eustachy ni, àgbàlagbà tó ń gbé ìsàlẹ̀ mi. Oníṣíbí. Bó ṣe máa ń bá gbogbo ilé jà nìyẹn.

Mo pàdé ẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó ní, "Ìyáàfin Bogna, ta lẹ̀ ń pa lókè yẹn?"

Mo ní irin ni mò ń họ, mo fẹ́ kùn ún lọ́dà.

"Ẹ ti rí ọ̀dà?"

"Rárá o."

"Háà! Ẹ ti bọ́ ọ síhòòhò, ẹ ò tíì rí aṣọ tẹ́ ẹ máa wọ̀ fún un! Ẹ mà láyà o!"

Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló gbà mí lẹ́nu.

Ọjọ́ Ajé, 24 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ilé ìtajà ọ̀dà. Kò sí. Mo rí ìlà gígùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, mo tò sí i. Mi ò béèrè ohun tí wọ́n ń tà — ta ní ń béèrè? Ó kàn mí, okùn ìsáṣọ ni. Mo rà á.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 Sẹ̀tẹ́ńbà

Kò sí.

Ọjọ́bọ̀, 27 Sẹ̀tẹ́ńbà

Nílùú yìí, kò sẹ́ni tó ń sọ pé "mo rà á" mọ́. "Mo ṣètò ẹ̀" là ń wí. A ń ṣètò bàtà, a ń ṣètò ẹran, a ń ṣètò bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù. Lónìí, èmi náà ṣètò.

Walenty ló ń kun tíráàmù nínú ọgbà wa. Mo sún mọ́ ọn jẹ́jẹ́, mo ní, "Walenty, àbúrò mi, mo ní kọfí gidi nílé o."

Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ kíákíá. "Ẹ̀gbọ́n, gidi báwo?"

"Èyí tí àbúrò mi tó wà ní Vienna fi ránṣẹ́. Mi ò tíì tú u."

"Àwọ̀ wo lẹ fẹ́?"

Mo ní àwọ̀ wàrà, ti apá òkè tíráàmù, èyí tó máa tu ọmọ lójú. Ó ní kí n kà á sí pé ó ti wà nílé. Kọfí tí mo tọ́jú de ọjọ́ orúkọ mi, tí a máa ń ṣe bí ọjọ́ ìbí, nìyẹn. Kò dùn mí rárá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo ṣí agolo ọ̀dà tí Walenty fún mi. Pupa!

Pupa ti ìsàlẹ̀ tíráàmù! Walenty òpònú! Wọ́n kọ "àwọ̀ wàrà" sára agolo gàdàgbà, ó sì pupa bí ata nínú. Mo kígbe. Oníṣíbí kan páìpù. Mo tún kígbe. Ó gun òkè wá fúnra ẹ̀, ó wo inú agolo, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

Mo ní mi ò ní kun pupa, ó ní nígbà náà kí n dúró títí di Ajé kí n lọ bá Walenty. Ibi tí wàhálà wà nìyẹn. Kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí àwọn aláṣẹ ìlú máa tan ooru sínú páìpù. Wọ́n lè tan án lọ́la. Tó bá bá ọ̀dà tútù lára irin, òórùn ẹ̀ á gba gbogbo ilé fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kò sì sí ìkókó tó máa sùn níbẹ̀.

Oníṣíbí ní, "Ẹ jẹ́ kó pupa jàre! Ọmọ á ti mọ̀ láti kékeré pé ìyá ìyá òun ń wa tíráàmù."

Ó lọ mú búrọ́ọ̀ṣì kan wá tó ti tẹ̀ lọ́rùn, ó fi wáyà so ó mọ́ igi gígùn, ó sì wọ àárín egungun ìhà wọ̀nyẹn dáadáa. Àwa méjèèjì la kùn ún. Orin ológun àtijọ́ ló ń kọ, kò mọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ délẹ̀, ó ń fi orúkọ mi dí àlàfo. Mo ní kó má fi ibì kankan sílẹ̀. Kò fi ibì kankan sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí inú mi ti dùn tó báyìí nínú ilé yìí.

Ọjọ́ Àìkú, 30 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ọ̀dà wà lábẹ́ èékánná mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Obìnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rò pé mo kun èékánná ni, ó ń wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Mo na ọwọ́ dáadáa kó lè rí i.

Ọjọ́ Ajé, 1 Ọkitóbà

Òjò. Kò gbẹ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 Ọkitóbà

Òjò. Gbogbo èrò inú tíráàmù ló ń ráhùn — òtútù, òtútù, ìgbà wo ni wọ́n máa tan ooru? Èmi nìkan ní gbogbo Łódź ló ń bẹ Ọlọ́run pé kí wọ́n má tíì tan án.

Ọjọ́rú, 3 Ọkitóbà

Oòrùn! Mo ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀. Mo fi ìka kan Ọ̀gá, mo kan Alásè, mo kan Kékeré. Ó ti gbẹ! Mo jó níwájú Kékeré tòun ti kóòtù lọ́rùn.

Ọjọ́bọ̀, 4 Ọkitóbà

Wọ́n ti tan án. Páìpù kọ́kọ́ kùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá gìrì. Oníṣíbí fi ṣíbí kan an, àwọn ará òkè dáhùn, gbogbo ilé ń kan páìpù bí ọjọ́ ọdún. Ọ̀gá gbóná. Alásè gbóná. Òórùn díẹ̀ péré, fèrèsé á gbé e lọ.

Kékeré tutù.

Mo dúró, mo tún fọwọ́ kàn án. Tutù. Yàrá ọmọ gan-an! Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ mo sunkún, mi ò ní purọ́. Mo ń gbọ́ ohùn Ayaba létí mi: ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀ àbí mi ò sọ?

Oníṣíbí dé. Ó ní kí n nu ojú mi, afẹ́fẹ́ ló há sínú irin, kò jẹ́ kí omi gbígbóná wọlé. "Ẹ sáà tú nọ́ọ̀tì kékeré tó wà lórí ẹ̀, afẹ́fẹ́ á jáde."

"Nọ́ọ̀tì wo?"

A wá a. Kò sí nọ́ọ̀tì. Ọ̀dà pupa tó ń dán ló wà níbẹ̀, ó bo gbogbo orí ẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá.

"Ta ló kun ibí?" ni mo béèrè.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n má fi ibì kankan sílẹ̀!"

"Mo ní kẹ́ ẹ kun ojú ẹ̀ ni, mi ò ní kẹ́ ẹ dí imú ẹ̀!"

A jà díẹ̀. Lẹ́yìn náà a fi ọ̀bẹ họ ọ́, ó fi kọ́kọ́rọ́ kan tú u, ó ń sọ fún mi pé kò sóhun tó máa ṣẹlẹ̀ — ṣíí! Omi dúdú fọ́n sí i lójú, sí irùngbọ̀n, sí ṣẹ́ẹ̀tì. Ó ṣáà ń wí pé, "Kò sóhun tó ń ṣẹlẹ̀, kò sóhun tó ń ṣẹlẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín débi tí mi ò lè dìde. Kékeré sì gbóná, láti ìdí dé orí. Mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e.

Ọjọ́ Ẹtì, 5 Ọkitóbà

Mo fọ ilé. Mo yan àkàrà òyìnbó eléso ápù. Òórùn ọ̀dà ti lọ. Ẹ̀rù ń bà mí. Pupa! Kí ló ṣe mí lórí?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Ọkitóbà

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ kó tó bọ́ lórí mi.

Kalina sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀, òun àti Ayaba. Ayaba! Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Fìlà onírun lórí, báàgì ńlá lọ́wọ́, kò jẹ́ kí n bá òun gbé e. Ó wá dá mi lẹ́jọ́ ni.

Nígbà tí a dé yàrá ọmọ, Ayaba dúró níwájú Kékeré.

"Pupa," ó ní.

"Pupa ni, Ìyáàfin Klementyna."

"Bíi tíráàmù."

"Ọ̀dà tíráàmù gan-an ni."

Kalina bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín débi pé kò lè di ọmọ mú mọ́, ó ní, "Màmá, ẹ gbà á, ẹ gbà á!" Bí mo ṣe kọ́kọ́ gbé Łucja nìyẹn. Ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ. Ó la ojú, ó wo ohun pupa yẹn, ó gbàgbé láti sunkún. Mo fẹ́ràn ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, pátápátá.

Ayaba ò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ kan, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí irin náà, kò sì gbé e kúrò. Ó bọ́ ìkejì. Ẹ̀yìn ló kọ sí wa.

Ó ní, "Èédú ò tíì dé Kraków." Ohùn ẹ̀ rẹlẹ̀. "Látìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó kọjá. Tòun ti kóòtù ni mo ń sùn."

Kalina ní, "Màmá Klementyna! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ilé yín móoru!"

Ayaba gbé ọwọ́ kejì lé irin náà. Kalina yíjú sí mi, ó ní òun ń dúró, òun àti ọmọ, kí n lọ gbé ife tíì wá, kí n yé sunkún sórí ọmọ òun.

Mo fẹ́ lọ mú sílípáàsì tí àlejò máa ń wọ̀ nínú ilé lẹ́nu ọ̀nà wá fún Ayaba. Ó ní kí n má ṣèyọnu. Ó jókòó, ó bọ́ bàtà, ó tú báàgì ńlá yẹn, ó sì yọ sílípáàsì tirẹ̀ jáde, èyí tó ti jẹ ní gìgísẹ̀. Ó wọ̀ ọ́.

"Ìyáàfin Bogna," ó ní, "yàrá wo ni tèmi?"